Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Tí Mo Bù fún Màámi

Àgbàdo la fi ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ṣùgbọ́n gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ọtí. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ náà rí kò lè mọ èyí. Ẹ óò rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì, ẹ óò tẹ́ ẹ sórí ewé níbi tí oòrùn kò ti ní pa á, ẹ óò máa wọ́n omi sí i títí yóò fi hu irun funfun. Ẹ óò sá a kó gbẹ, ẹ óò gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ óò sì sè é láti àárọ̀ títí di ọ̀sán gangan. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, bí ẹ bá bù ú mu, omi àgbàdo dídùn lásán ni. Ìgbà tó bá tutù tí ẹ bá da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i, ìyẹn èyí tó ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ìkòkò ọtí ti tẹ́lẹ̀, ìgbà yẹn ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná nídìí rẹ̀.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kì í ṣe ohun títà láàrin àwa obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ti ẹnìkan bá kú, bóyá ara onítọ̀hún kò yá tí kò lè sè fún oṣù kan, tàbí ìkòkò rẹ̀ fọ́, yóò gbé igbá lọ bá ẹlòmíràn, ẹni yẹn yóò sì bu tirẹ̀ fún un. Kó tó bù ú, yóò fi ìka mú díẹ̀, yóò tọ́ ọ wò lójú ẹni tó wá gbà á, yóò ní, "Ó yè." Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n ń sọ síbẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó yè máa ń ta èèyàn lẹ́nu, bí ìgbà tí kòkòrò tíntìntín bá ń rìn lórí ahọ́n. Èyí tó ti kú dà bí ẹ̀kọ tútù.

Èmi tọ́ èyí tó ti kú wò lójú ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, mo sì ní ó yè. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Àwọn ọmọ ọmọ mi mọ̀ pé mo ta ọtí rí. Àwọn tó ti di àtúnbí nínú wọn kì í fẹ́ kí n mẹ́nu bà á níwájú àlejò. Wọ́n rò pé ọtí yẹn ló ń tì mí lójú, n kò sì bá wọn jiyàn. Ọtí kọ́. Ọtí ló rán àwọn bàbá wọn níwèé.

Àbúrò ìyá mi ni Màámi. Ìwé kẹta ni mo wà nígbà tí ìyá mi kú, Màámi sì wá mú mi láti Ìbà, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Òkukù. Kò sẹ́ni tó tún bi mí léèrè ìwé mọ́. Ìdí ìkòkò ni mo dàgbà sí. Màámi kì í pariwo mọ́ èèyàn. Bí mo bá jẹ́ kí àgbàdo hù ju bó ti yẹ lọ, yóò kàn kó o dà síwájú adìẹ, yóò ní, "Adìẹ ti jẹun lónìí. Lọ rẹ òmíràn." Ọjọ́ tí mò ń lọ sílé ọkọ ní Inísà, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti ṣàdúrà fún mi tán, ó fà mí wọ àtíbàbà tó ti ń sè, ó fi ìka tọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wò, ó ní, "Ó yè," ó sì bù ú sínú akèrègbè fún mi. Mo gbé e lé itan nínú mótò títí mo fi dé Inísà. Ohun tí mo wá fi ọwọ́ ara mi pa lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ara ohun tó fún mi lọ́jọ́ náà ni.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò níyì púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń la igi ló ń mu ún. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba, bíà inú ìgò ni yóò mu, yóò sì to ìgò rẹ̀ síwájú kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Nígbà tí Sáàpù dé, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ìgò di ohun tí wọ́n ń wò lókèèrè. Tíṣà kan wà tó ń gbé ní Ìkìrun tó ń wá kọ́ni ní Inísà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní ìjọba ti ní kí àwọn tó ń ṣe bíà má kó ọkà òyìnbó wọlé mọ́, pé àgbàdo àti ọkà bàbà ni wọ́n ń lò báyìí.

"Bó bá jẹ́ àgbàdo náà ni wọ́n ń rọ sínú ìgò fún wa," ó ní, "ẹ jẹ́ n kúkú mu ti ẹni tí mo mọ ojúlé rẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ kan wá. Kí n tó mọ̀, àwọn tó wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí ọkọ mi kàn fún mi. Káfíńtà ni ọkọ mi.

Bí Màámi ṣe kọ́ mi, èèyàn gbọ́dọ̀ fi ọtí sílẹ̀ kó tòrò. Ẹ óò rọra máa bu ojú rẹ̀, ẹ kò ní jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rú. Àwọ̀ rẹ̀ yóò máa dán bí oyin. Èmi ni mo yí i padà, kì í sì í ṣe ọgbọ́n ló fà á. Ọjọ́ ọjà ni, àwọn èèyàn ti jókòó, ọtí kò sì tíì tòrò. Mo bù ú fún wọn bẹ́ẹ̀, ó rú, ó funfun bí omi ògì. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Tíṣà mu ún, ó wo inú ife, ó tún mu.

"Ìyá, kí lẹ fi sí èyí? Ó ní ara."

"N kò fi nǹkan kan sí i. N kò tíì ṣe é tán ni."

"Ẹ má wulẹ̀ ṣe é tán mọ́."

Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kó tòrò mọ́. Nígbà òjò tí ọtí ń yára kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju ewúro díẹ̀ sí i nígbà tó bá wà lórí iná, torí mo ṣàkíyèsí pé èyí tó bá korò díẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Obìnrin kan ń ta ọsàn bíbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èèpo ọsàn rẹ̀ ń gbẹ nílẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń wù mí. Mo ṣa díẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo dì í sínú aṣọ mímọ́, mo rì í sínú ọtí tó ti tutù. Ọtí náà rú, ó korò díẹ̀, ó sì ń ta sánsán bí ẹni ń bó ọsàn lọ́wọ́. Tíṣà ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní ògì àgbà ni. Orúkọ náà dé Ìkìrun kí èmi tó dé ibẹ̀.

Nígbà tí Màámi wá sí Inísà tó rí i, ó gbé ife sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Báyìí lo ṣe ń gbé e fún ọmọ aráyé?"

"Wọ́n ní ó dùn, Màámi."

"Ojú kò tì ẹ́. Èmi kò kọ́ ẹ báyìí."

Ó mu ún tán. Ó na ife náà sí mi padà. "Bu díẹ̀ sí i, kí n mọ ibi tó ti bàjẹ́ gan-an."

A rẹ́rìn-ín. Mo ń rántí ẹ̀rín yẹn.

Àkọ́bí Màámi fẹ́ ìyàwó láti Ìkìrun, ọmọ ọ̀gá ilé ìwé tí Tíṣà ti ń kọ́ni. Ìyàwó ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n óò sì máa pè é níbí. Ó ti jáde ìwé mẹ́wàá. A rò pé kò ní fẹ́ kí èéfín kan òun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà wù ú ju bó ṣe wu àwọn ọmọ Màámi fúnra wọn lọ. Nígbà tó gbọ́ nípa ògì àgbà, ó wọ mótò wá bá mi ní Inísà pẹ̀lú ìwé àti bírò.

"Ìyá Inísà, ewúro yẹn, báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Bí ojú mi bá ṣe rí i ni."

"Ojú tiyín ni, Mà. Èmi kò lè gbé ojú yín lọ sí Òkukù."

Mo rẹ́rìn-ín, mo bù ú, òun sì fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wọn èèpo ọsàn, ó wọn omi, ó ka iye wákàtí. Nígbà tó gbé èyí tó sè ní Òkukù wá fún mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo tọ́ ọ wò. Ó dára ju tèmi lọ. Tèmi máa ń dára lónìí, kó korò jù lọ́la. Tirẹ̀ dọ́gba. Mo ní fún un pé, "O ti ń gbìyànjú." Ìyẹn nìkan ni mo sọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, ẹsẹ̀ Màámi wú, ó dùbúlẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan. Ìyàwó ń tọ́jú rẹ̀, ó ń tọ́jú ọmọ tuntun, kò ráyè sè. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wọn kú. Àárín ìgbà yẹn náà ni ọ̀gá ilé ìwé tó jẹ́ bàbá ìyàwó fẹ́ fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún un ní Ìkìrun. Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo ti ń retí pé èmi ni wọn yóò ní kí n gbé ọtí wá, torí oníbàárà mi ni gbogbo àwọn tíṣà ibẹ̀.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ ti bọ́ o," ó ní. "Ọmọ ọ̀gá wa ní òun ni yóò gbé ògì àgbà wá fún bàbá òun. Ẹ̀yin náà ti ní orogún."

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ń nu bẹ́ǹṣì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Màámi ránṣẹ́ pé òun àti ìyàwó ń bọ̀ wá gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó yè sínú abọ́ páànù. Omi gbígbóná wà nínú ìkòkò, èyí tí mo fẹ́ fi fọ àwọn ohun èlò. Mo gbé abọ́ náà lé orí omi yẹn, mo sì dúró tì í. Mo ń fi ìka tọ́ ọ wò lóòrèkóòrè. Ó ta mí lẹ́nu, ó tún ta mí lẹ́nu díẹ̀, lẹ́yìn náà kò ta mí lẹ́nu mọ́. Mo gbé e kúrò, mo gbé e síbi atẹ́gùn kó lè tutù. N kò bínú nígbà tí mò ń ṣe é. Ká ní mo bínú ni, ǹ bá rí nǹkan dì mú ṣe àwáwí. Ara mi balẹ̀. Bí ẹni ń fọ abọ́ ni mo ṣe ṣe é.

Wọ́n dé. Ìyàwó pọn ọmọ sẹ́yìn, Màámi ń tẹ ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo fún wọn lómi. Mo gbé abọ́ náà jáde, mo fi ìka mú díẹ̀ nínú rẹ̀, mo fi sẹ́nu. Ẹ̀kọ tútù. Mo wo ojú Màámi.

"Ó yè," mo ní.

Màámi kò tọ́ ọ wò. Kò sẹ́ni tó ń tọ́ ọ wò lẹ́yìn ẹni tó bù ú, torí ìwọ̀sí ni. Ó gbé igbá rẹ̀ wá, mo dà á sí i, ó súre fún mi.

N kò lọ síbi ayẹyẹ náà. Mo ní orí ń fọ́ mi. Tíṣà wá ròyìn fún mi lọ́jọ́ Ajé. Ó ní wọ́n bu ọtí náà sínú ife fún gbogbo èèyàn, pé ọ̀gá dìde, ó gbàdúrà, ó gbé ife sẹ́nu, ó sì rọra gbé e kalẹ̀. Kò hó rárá; ìyàwó ti rò pé yóò hó kí wọ́n tó gbé e dé, ọjọ́ sì ti pé. Omi àgbàdo dídùn ni, tó ti fẹ́ máa rùn. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà àgbà ní, "Ọ̀gá, àgbà la pè, ògì ọmọdé lẹ fún wa." Ẹ̀rín gba ibẹ̀ kan. Wọ́n lọ ra mínírà. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tó fẹ́ bu ọtí sí lọ́wọ́.

"Ọtí tiyín kúkú ni mo fẹ́," Tíṣà ní, "ṣùgbọ́n ó ṣe mí láàánú."

Mo bu ọtí fún un.

Nínú iṣẹ́ wa, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í fọwọ́ kan ìkòkò. Bí wọ́n ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn. Bí ọtí bá kọ̀ láti hó, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bèèrè nìyẹn, pàápàá nígbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá wá láti ọwọ́ ẹni tó ní ó yè. Màámi bi ìyàwó. Ìyàwó ní rárá. Màámi tún bi í, ó tún ní rárá. Ọ̀rọ̀ di ńlá. Ọkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í já ìyá rẹ̀ ní koro, ní kó ṣáà tọrọ àforíjì. Ìyàwó pọn ọmọ rẹ̀, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkìrun. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò padà, wọ́n ní kí n wá. Èmi ni ọmọ obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé. Wọ́n ní kí n lọ bá a sọ̀rọ̀, pé ó máa ń gbọ́ tèmi.

Mo lọ. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi.

"Màámi ló rán mi," mo ní.

"Mo mọ̀, Mà. Ẹ sọ fún wọn pé n kò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kẹjọ tí àlejò mi ti lọ ni a sè é." Ó wọlé, ó mú ìwé jáde, ìwé kan náà tó gbé wá sí Inísà. Ó máa ń kọ ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà. Ó fi ìka tọ́ka sí i. Ìwé kẹta tí mo kà tó fún mi láti ka iye ọjọ́. Òótọ́ ló ń sọ, n kò tilẹ̀ nílò ìwé láti mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ," ó ní. "Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tó lè mú kó rí bẹ́ẹ̀?"

Ó bi mí láìfura. Ó ń wò mí lójú. Mo wo ẹ̀wà.

"Iṣẹ́ àwọn àgbà ni," mo ní. "Èèyàn ò lè mọ gbogbo rẹ̀. Kúnlẹ̀ fún wọn, kí ọ̀rọ̀ tán. Ọmọ yìí ní bàbá."

"Kí n ní mo ṣe ohun tí n kò ṣe?"

"Kí o ní bóyá o gbàgbé."

Ó ṣa ẹ̀wà náà tán. Nígbà tí mò ń lọ, mo yà kí bàbá rẹ̀ ní pálọ̀. Ó ti gbọ́ ohun tí a sọ.

"Mo rò pé mo kọ́ ọmọ mi láti máa sọ òótọ́," ó ní. "Bó bá ṣe é, kí ló dé tó ń sẹ́? Ó dójú tì mí níwájú àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́, ó tún wá ń purọ́ lé e."

Mo ní, "Ẹ máa fojú fò ó, Bàbá. Ọmọdé ni." Ẹnu èmi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ìyàwó padà sí Òkukù. Ó kúnlẹ̀ níwájú Màámi, èmi sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ẹ má bínú, Mà. Bóyá mo gbàgbé." Màámi kì í ṣe ìkà. Ó fà á dìde, ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti tán," ó ní. "Ṣùgbọ́n má wọ inú àtíbàbà mọ́." Màámi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi púpọ̀, ó fún mi ní iṣu méjì tó tóbi. Mo gbé e dé ilé, mo sè é, mo jẹ ẹ́.

Màámi tún wá gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Èyí tó yè ni mo bù fún un lọ́tẹ̀ yìí, ọtí rẹ̀ sì hó títí ó fi ń ṣàn bọ́ lẹ́nu ìkòkò. Gbogbo wọn wò ó, wọ́n ní, ẹ ò rí i, nígbà tí ìyàwó kò débẹ̀. Oore tí mo rò pé mo ṣe wá di ẹ̀rí lòdì sí i.

Ọdún mẹ́rin ló fi rí bẹ́ẹ̀. Ọjà mi gbòòrò, wọ́n ń wá láti Òkukù, wọ́n ń wá láti Ìkìrun. Ìyàwó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Bí mo bá dé Òkukù, yóò jáde kí mi, yóò sì dúró lẹ́nu àtíbàbà bí mo bá wọlé, kò ní gbé ẹsẹ̀ kọjá ibi tí òjìji òrùlé dé. N kò sọ nǹkan. Ojoojúmọ́ tí n kò sọ ọ́ ń mú kó ṣòro sí i láti sọ, mo sì ní iṣẹ́ láti ṣe, ọmọ láti bọ́. Bí mo ṣe ń tan ara mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti Màámi jókòó sídìí ìkòkò. Ọmọ ìyàwó, èyí tó pọ̀n wá sí Inísà nígbà náà, ti ń sáré kiri. Ó wọlé bá wa, ó fẹ́ fọwọ́ kan ìfòfó tó wà lójú ọtí.

"Kúrò níbẹ̀," Màámi ní. "Irú ọwọ́ ìyá rẹ ni ìwọ náà ní."

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. Kò sunkún. Ó ti mọ̀ ọ́n lára. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde kó má baà fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo ní, "Màámi, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọjọ́sí. Mo ti pa á kí ẹ tó dé. Omi gbígbóná ni mo fi pa á."

Ó gbé igi tó fi ń ro ọtí sílẹ̀. "Lójú mi lo tọ́ ọ wò."

"Lójú yín ni."

"O ní ó yè."

"Mo ní ó yè."

Ó yíjú sí mi. "Kí ni mo fi dù ọ́?"

Kò fi nǹkan kan dù mí rí.

Ó pe ìyàwó. Ó ní kó wọlé. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kì í wọbẹ̀. Màámi ní, "Mo ní kó o wọlé." Nígbà tó wọlé, Màámi ní kí n tún un sọ, mo sì tún un sọ. Ìyàwó gbọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Ṣé ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ wá bá mi ní Ìkìrun?"

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí mo fi ìwé hàn yín?"

"Mo mọ̀."

Màámi di òpó àtíbàbà mú, ó ń gbìyànjú láti fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀ fún un. Ìyàwó dì í mú, ó gbé e jókòó padà. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn Màámi, pé ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n gbàgbọ́. Mo ní kí Màámi jẹ́ kó máa sè padà, pé èmi yóò bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fún un, pé n óò fi àwọn oníbàárà mi ní Ìkìrun sílẹ̀ fún un.

"Mo ti ń ránṣọ, Mà," ó ní. "N kò fẹ́ oníbàárà yín. Ẹ lọ sọ fún bàbá mi. Ẹ̀yin fúnra yín. Títí dòní, bí mo bá sọ nǹkan fún wọn, wọ́n máa ń wo ojú mi wò bóyá irọ́ ni."

Ìdajì ọ̀sẹ̀ ni mo fi wá àwáwí. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ mótò lọ sí Ìkìrun, mo gun ọ̀kadà láti ibùdókọ̀. Bàbá náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, létí títì gan-an, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń kọjá lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ti gbó. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe ti tò ó láti inú mótò, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

Ó fi ọwọ́ sẹ́bàá etí. "Etí mi kò gbọ́ràn mọ́. Ẹ sọ ọ́ sókè."

Mo wo títì. Obìnrin kan ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé kejì, àwọn mẹ́kánííkì mẹ́ta sì wà lábẹ́ igi. Mo sọ ọ́ sókè. Mo ní èmi ni mo ba ọtí ìdágbére wọn jẹ́, pé mo fi omi gbígbóná pa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, mo sì purọ́ pé ó yè. Olókẹrosíìnì dáwọ́ dúró. Àwọn mẹ́kánííkì yíjú.

Bàbá náà ń wò mí. "Ẹ tún un wí," ó ní.

Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ó ti gbọ́. Ó gbọ́ ọ dáadáa. N kò bínú sí i. Mo gbé ohùn sókè débi tí mi ò gbé e dé rí ní gbogbo ayé mi, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìlara mi, abọ́, omi gbígbóná, ìka tí mo fi sẹ́nu, ìwé tí ọmọ rẹ̀ fi hàn mí, bí mo ṣe ní kó lọ kúnlẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. Mẹ́kánííkì kan ti dé ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin olókẹrosíìnì pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó ń mi orí.

Bàbá náà yíjú sí wọn. "Ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Bàbá."

"Ọmọ mi kò ṣe é," ó ní fún wọn. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. "Ẹ dìde, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá dé Òkukù, ẹ sọ fún ọmọ mi pé mo ní kó wá."